Òkè Òkun Nìkan Kọ́ ni Òkè

 Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń dùn wá lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, a kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ènìyàn wa tí wọ́n mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀n, tí wọ́n mọ ọ̀nà Dubai, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Bí àkókò ìsinmi bá dé, wọn a kó owó jọ, wọn a tọrọ físà lọ́wọ́ àjèjì, wọn a dúró de èsì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn a sì dá wọn padà láìsọ ìdí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù gbé ń pàdé ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn a máa wo ojú ara wọn.

A mọ èsì tí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń fún ni. Wọn a ní, "Kí ni ó wà níbẹ̀ tí a fẹ́ lọ wò? Òkúta ni gbogbo òkúta ń jẹ́." Èsì yìí gan-an ni a dìde sí lónìí. Àwa wí pé ìrìn àjò láti ìlú tiwa tí ó wà létí odò lọ sí orí àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìdànrè kì í ṣe eré àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Gbèsè ni, a sì ti pẹ́ jù kí a tó san án. Òkè òkun ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ. Òkè ilẹ̀ baba wa ni kò sí ẹni tí ó yà sí.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi yan Apẹtẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ìdí rẹ̀ ni pé Apẹtẹ mọ odò, ó sì mọ ohun tí ọ̀nà ń ṣe fún ènìyàn. Odò Ọ̀nà ń ṣàn lẹ́bàá rẹ̀. Adágún Elẹ́yẹlé, tí a parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1942, kò jìnnà sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì Ìbàdàn sì kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ sí Ìbàdàn, odò kún kọjá ààlà, ènìyàn tí ó lé ní 100 kú káàkiri ìlú, omi sì wó afárá Apẹtẹ lulẹ̀. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn ni àwọn ará ibẹ̀ rí i pé bí afárá bá já, ọjà tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn dé tẹ́lẹ̀ a di ìlú òkèèrè. A ti tún afárá náà kọ́ lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa kò gbọdọ̀ bá omi lọ. Ọ̀nà ni ó ń so ènìyàn pọ̀. Ẹni tí kò bá sì rin ọ̀nà kan rí kò ní mọ ìgbà tí ó bàjẹ́, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka gbèsè náà fún yín. Àkọ́kọ́ ni gbèsè omi. Ọ̀pọ̀ omi ẹ̀rọ tí Ìbàdàn ń mu ń ti Aṣéjìrẹ́ wá, níbi tí a gbé dí odò Ọ̀ṣun ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn. Níbo ni odò Ọ̀ṣun ti ń wá? Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà, láàrín ilẹ̀ olókè. Nítorí náà omi tí ìyàwó ilé ń pọn ní Bódìjà àti èyí tí oníbúrẹ́dì fi ń po ìyẹ̀fun ní Agbowó, orí ilẹ̀ àwọn ará òkè ni ó ti kọ́kọ́ ṣàn. Àwọn àgbà sì wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú wo ni yóò máa mu omi òkè lójoojúmọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa wí pé kò sí ohun tí ó wà níbẹ̀?

Gbèsè kejì korò ní sísọ, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìbàdàn mọ ọ̀nà òkè rí. Àwọn baba wa rìn ín dáadáa, ṣùgbọ́n ìbọn àti idà ni wọ́n fi rìn ín. Àwọn ajẹ́lẹ̀ wa jókòó sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń gba owó òde, wọ́n ń ni ènìyàn lára, títí ó fi sú àwọn onílẹ̀, tí wọ́n parapọ̀ láti bọ́ àjàgà náà kúrò lọ́rùn. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò tú ká títí di 1893. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ògèdèǹgbé ọmọ Iléṣà ni olórí ogun ní apá kejì. Alùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, àti Alùfáà Charles Phillips, ni a rán láti máa rìn láàrín ibùdó méjèèjì, títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò kúrò lójú ìjà títí a fi tú wọn ká ní 1893. Ilé-ìṣọ́ gíga tí a kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower ni ó wà lórí Òkè Ààrẹ nínú Ìbàdàn títí di òní. A ń gun ilé-ìṣọ́ náà láti wo òrùlé ìlú wa. Mélòó nínú wa ni ó gun òkè àwọn tí a bá jà?

Ní ayé ogun, òkè ni ààbò. Ènìyàn a máa gbé orí àpáta kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá dé Ẹ̀fọ̀n lónìí pẹ̀lú ìtẹríba, tí ó kí àwọn àgbà ibẹ̀, tí ó ra iṣu lọ́wọ́ ìyá arúgbó ní iye tí ó tọ́, tí ó sì sùn sí ìlú náà lálàáfíà, ó ti ṣe ohun tí ìwé 1886 nìkan kò lè ṣe. Ìwé lè dá ogun dúró; àbẹ̀wò ni ó ń sọ ọ̀tá àtijọ́ di ojúlùmọ̀.

Gbèsè kẹta ni ti orúkọ àti ìmọ̀. Àwọn kan ń wí pé Lọ́ńdọ̀n ni àwọn ti ń rí ohun àgbàyanu. Lóòótọ́ ni! Ẹ wo ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì wà nínú British Museum, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938. A gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní 1924. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ògògà sì gba àga ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Òpó ilé kan láti ààfin kan náà, tí ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Yorùbá a wọ ọkọ̀ òfuurufú, a dúró níwájú ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n, a ya àwòrán, a sì padà wálé láì tí ì tẹ ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ rí, níbi tí òkè Olóṣùnta gbé dúró lórí ìlú bí ìgbà tí ọba jókòó lórí ìtẹ́. Ṣé èyí kì í ṣe ohun ìtìjú?

Ẹ tún gbọ́ ti Ìkọ̀gòsì. Àwọn ìwé kan ń kọ ọ́ pé òyìnbó oníwàásù kan, John McGee, ni ó ṣàwárí omi gbígbóná ibẹ̀ ní 1952. Ẹ̀yin ará, ẹni a bá lábà ni baba. Kí òyìnbó tó dé, àwọn ará Ìkọ̀gòsì ti ń wẹ̀ nínú omi náà, wọ́n ti mọ èyí tí ó gbóná àti èyí tí ó tutù, wọ́n sì ní ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa wọn. Ohun tí òyìnbó ṣe ni pé ó lọ, ó wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa kò ṣe ni pé wọn kò lọ, wọn kò wò, wọn kò kọ. Ayé kì í gbé oyè àwárí fún ẹni tí ó jókòó sílé. Bí a bá ń bínú pé a fi ohun tiwa sọ orúkọ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí ìbínú náà gbé wa wọ ọkọ̀.

Ní ti àwọn tí ń wí pé òkúta ni gbogbo òkúta ń jẹ́, ẹ̀kọ́ díẹ̀ ni wọ́n nílò. Òkúta òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Ìdànrè. Ti Ẹ̀fọ̀n jẹ́ irú èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite, èyí tí ó nà gbọọrọ bí ògiri. Ti Ìdànrè jẹ́ gíráníìtì, tí ó yọ gọngọ láti inú ilẹ̀ bí orí àwọn òmìrán. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrín ògiri àti orí, kí ó má sọ pé òun ti rí òkúta. Àní nínú ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, nígbà tí ọba fẹ́ ire fún ìlú rẹ̀, Òkè Láńgbòdó ni ó rán àwọn ọdẹ lọ. Ọba náà kò rán wọn lọ wo ọjà.

Nísinsìnyí, ìrìn tí kò ní ètò ni ó máa ń sọ ìgbádùn di ìyà, òun ni ó sì máa ń fún ẹlẹ́gàn ní ọ̀rọ̀ sọ. Nítorí náà a ó la ètò náà sílẹ̀ gbangba, kí ẹnikẹ́ni má wí pé a kàn pariwo lásán.

Ìgbà wo ni kí a lọ? Bí a bá lọ láàrín gbùngbùn òjò, omi yóò pọ̀ lórí àpáta, ṣùgbọ́n òkúta a máa yọ̀, ọ̀nà a sì máa léwu. Bí a bá dúró di ìgbà ọyẹ́, eruku ọyẹ́ a bo ojú ọ̀run, ẹni tí ó gun òkè kò ní rí ọ̀nà jíjìn, omi a sì ti fà. Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti ìparí oṣù kẹwàá wọ inú oṣù kọkànlá, ni ó dára jù. Kí a ya ọjọ́ 4 sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sáré ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan, títì nìkan ni yóò rí.

Ní ọjọ́ kìíní, kí ọkọ̀ kúrò ní Apẹtẹ ní agogo 6 òwúrọ̀, kí ó tó di pé mọ́tò kún Ṣáńgo àti Bódìjà. Láti Ọ̀nà Ìwó a ó gba ọ̀nà Ifẹ̀. Ní Aṣéjìrẹ́, kí olórí ìrìn fi odò Ọ̀ṣun han àwọn ọmọ, kí ó sì sọ fún wọn pé orísun omi yìí ni àwọn ń lọ bá. Ní Ìkirè, kí wọ́n ra dòdò Ìkirè, èyí tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù ṣe, kí wọ́n mọ bí ọgbọ́n àwọn obìnrin ìlú kan ti sọ ohun tí ì bá ṣòfò di ọjà tí a mọ̀ káàkiri. Ilé-Ifẹ̀ ni a ó dé lẹ́yìn èyí. Kí a wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òpó òkúta tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 5; kí a wo ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà nítòsí ààfin. Kí a sì rán àwọn ọ̀dọ́ létí pé yunifásítì tí ó wà ní Ifẹ̀, Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962, kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ gba ọ̀nà yìí kan náà lọ sí Ifẹ̀ ní 1967. Iléṣà ni kí a sùn sí.

Ní ọjọ́ kejì, kí a lọ sí Ẹ̀rín-Ìjẹ̀ṣà láàárọ̀, níbi tí omi Olúmìrìn gbé ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele 7. Ìtàn ìlú sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akínlà ni ó kọ́kọ́ rí i nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ìpele ìsàlẹ̀ kò ṣòro. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gun ti òkè láìmú ọmọ ìlú tí ó mọ ọ̀nà lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n gbé ń gòkè tí ó ń yí kọ́lọkọ̀lọ. Kí awakọ̀ lo jíà kékeré nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀. Kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì nìkan, nítorí bíréèkì tí ó bá gbóná jù kì í mú ọkọ̀ dúró mọ́. Lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n, Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ wà níwájú, níbi tí omi Àrinta gbé ń ṣubú. Lẹ́yìn náà ni Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, tí ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ a fi ẹsẹ̀ kan mọ ooru, a fi ẹsẹ̀ kejì mọ òtútù. Níbẹ̀ ni kí a sùn.

Ní ọjọ́ kẹta, kí a gba Ìgbàrà-Odò lọ sí Ìgbàrà-Òkè, kí a sì yọ sí títì Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ọ̀nà yìí náà ní ìtàn. Ní 1928, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà níbẹ̀ fún ìjọba, ni ó gbọ́ ìpè tí ó sọ ọ́ di oníwàásù ńlá. Yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà ní Ìkéjì-Àràkejì lójú ọ̀nà kan náà. Kí a sinmi díẹ̀ ní Àkúrẹ́, kí a yà sí Ìkẹ́rẹ́ láti wo òkè àti ìlú tí ilẹ̀kùn Lọ́ńdọ̀n ti wá, kí a sì padà sùn sí Àkúrẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, kí a tètè dé Ìdànrè kí oòrùn tó mú. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ó gùn, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún àgbà. Lórí òkè ni ìlú àtijọ́ wà: ààfin Ọwá, ilé-ẹjọ́, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ láàrín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ tí ó wo àfonífojì kò tún ní bèèrè ohun tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a padà sílé, ìrìn tí ó tó 200 kìlómítà láti Àkúrẹ́. Bí ọjọ́ bá sì ti rọ̀, kí a tún sùn sí Àkúrẹ́, kí a má fi òru rìn.

Ìlànà díẹ̀ kù. Kí a ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú kí a tó dé, kí a sì kí ọba tàbí aṣojú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kí a san owó ẹnu ọ̀nà láìsí ìjà. Kí a tọrọ ààyè kí a tó ya àwòrán ènìyàn tàbí ojúbọ. Kí a má fi ọ̀rá àti ike sílẹ̀ sí ẹ̀bá omi. Ẹni tí ó bá dọ̀tí ibi tí a gbà á lálejò ti padà di ajẹ́lẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì mú ìwé àti kálámù dání, kí ó máa kọ bí ahọ́n ti ń yí bí ọkọ̀ ti ń lọ, bí "ilé" tiwa ti ń di "ulé" lẹ́nu àwọn ará Èkìtì, àti ìtàn tí ó bá gbọ́ lẹ́nu àgbà, nítorí àwọn tí ó mọ ìtàn wọ̀nyí kò ní wà títí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò dìde láti dá wa lóhùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wọn ni ewu ọ̀nà, a kò sì ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí àwọn ajínigbé ti ba ayọ̀ ìrìn àjò jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn gómìnà 6 ilẹ̀ wa fi ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́, kí a rìn lọ́sàn-án, kí ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta jọ máa lọ, kí ìròhìn bá sì burú, kí a sún ọjọ́ síwájú. Ẹni tí ó sún ọjọ́ síwájú ṣe ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wí pé òun kò ní gba ọ̀nà náà mọ́ láéláé ti fi ilẹ̀ baba rẹ̀ jọ̀wọ́ fún olè, nítorí ọ̀nà tí ẹni rere bá kọ̀ sílẹ̀, ìkà ni yóò gbà á.

Ọ̀rọ̀ kejì wọn ni ti owó. Èyí kò mú wa lọ́kàn rárá. Owó tí ẹnìkan fi ń lọ jókòó sí òkè òkun fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹbí kan lódindi lè fi lọ sí òkè tiwa kí wọ́n sì bọ̀. Owó tí a ná ní Ìkirè, ní Iléṣà, ní Ìkọ̀gòsì àti ní Ìdànrè, ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ni ó wọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó lè rán aṣọ ẹgbẹ́ fún ìnáwó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kò lè wí pé òun kò ní owó ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni pé ọ̀nà kò dára, pé àmì tí ń júwe ọ̀nà kò tó, pé ilé ìtura kò pọ̀. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tiwa ni ó ń gbè. Ta ni yóò tún ọ̀nà tí àwọn ọlọ́lá kì í gbà ṣe? Aláṣẹ tí kò rí ẹni pàtàkì kankan lójú ọ̀nà kan yóò máa rò pé kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀. Jẹ́ kí ìjòyè 20 láti Ìbàdàn gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n lọ́dún kan, kí wọ́n sì padà wá kọ ìwé sí ìjọba nípa gbogbo ihò tí ó gbọ̀n wọ́n ní egungun. A ó rí i bóyá ihò náà yóò pé níbẹ̀. Láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wọ ìwé àwọn ibi tí a fẹ́ kí UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti gba ipò náà ní 2005. Ta ni yóò sún ọ̀ràn Ìdànrè síwájú bí àwa tí a ni ín kò bá gun ún?

Nítorí náà, a ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè pé kí ẹ ṣíwájú. Ẹ má rán ọmọdé lọ kí ẹ sì jókòó sílé. Ẹ lọ fúnra yín, kí ọmọ Ìbàdàn rí i pé olóyè rẹ̀ kí ọba Èkìtì ní ìdọ̀bálẹ̀ ọ̀wọ̀. A ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe parí ẹ̀kọ́ girama láì tí ì rí orísun omi tí ó ń mu. A ń bẹ ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù pé kí ẹ fi ìrìn yìí sí ètò àwọn ọ̀dọ́ yín. A sì ń wí fún ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Oǹdó pé kí owó tí a ń gbà lẹ́nu ọ̀nà padà sí àtẹ̀gùn, sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti sí owó oṣù àwọn afọ̀nàhàn. Ohun tí a ń pa owó lórí rẹ̀ tí a kò tọ́jú, bí ẹni tí ń fún màlúù ní wàrà láì fún un ní koríko ni.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí òkè òkun mọ́. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dé oko gbogbo ènìyàn tí kò dé ti baba tirẹ̀ rí, kí ni a ó pè é? Oṣù kẹwàá ń bọ̀. Afárá Apẹtẹ wà ní ìdúró. Ẹ yan ọjọ́, ẹ yan awakọ̀ tí kò ń mu ọtí, ẹ ránṣẹ́ síwájú sí àwọn ará òkè pé àlejò ń bọ̀, pé ní ìgbà yìí kò mú ìbọn lọ́wọ́.